Lésà àti Àrùn Glọkómà: Ọdún Mélòó Ni Agbára Ìtọ́jú Náà Ń Gbé?

Ẹni tí ó bá mọ Ọ̀kà Àkókó dáradára yóò mọ̀ pé ìlú orí òkè ni. Òkúta ni ẹsẹ̀ ń tẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà èwe, ẹsẹ̀ ọmọ Ọ̀kà sì mọ òkúta bí ọwọ́ ṣe mọ ẹnu. Nítorí náà, bí àgbàlagbà tí a bí sí orí òkè yìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ lójú ọ̀nà tí ó ti ń rìn láti kékeré, tí ó ń fi èjìká gbá òpó ilé ara rẹ̀, tí kò sì rí ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, àwọn ará ilé a ní ogbó ti dé. Bí ó bá jẹ́ ọjà Ìkàrẹ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti ń kọjá lára ojúlùmọ̀ láìkí i, wọ́n lè ní ìgbéraga ni. Ogbó lè má jẹ́ ohun tí ó fà á, ìgbéraga kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ó lè jẹ́ glọkómà, àrùn tí ó máa ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sí àárín, tí ẹni tí ó ní in yóò sì máa ka ìwé, tí yóò máa ka owó, tí yóò máa wí pé ojú òun kò ní nǹkan kan.

Yorùbá ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Alákàn tí ojú rẹ̀ ń kú láti ẹ̀gbẹ́ kò mọ̀ pé òun kò ṣọ́ orí mọ́. Ibi tí ìṣòro glọkómà wà gan-an nìyí: kì í dunni, kì í yúnni, ojú kì í pọ́n nínú irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin wa, ohun tí ó bá sì ti mú lọ kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí lésà tí ó lè dá a padà. Gbogbo ìtọ́jú tí ó wà, ìyókù ni wọ́n ń dáàbò bò.

Láàrin àwọn ìtọ́jú wọ̀nyí, lésà ni àwọn ènìyàn ń béèrè nípa rẹ̀ jù lọ lónìí. Bí dókítà bá ti dárúkọ rẹ̀ fún aláìsàn tí ó wá láti Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, ìbéèrè tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni pé: “Dókítà, bí ẹ bá ṣe é, ó ti tán nìyẹn? Àbí ọdún mélòó ni yóò gbé?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹni tí yóò san owó, tí yóò wọ ọkọ̀, tí yóò sì gbé ojú rẹ̀ síwájú ẹ̀rọ ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó ń rà.

Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí á mọ bí ojú ṣe ń ṣiṣẹ́. Omi kan wà nínú ojú tí ara ń ṣe lójoojúmọ́. Kì í ṣe omijé. Ẹ̀yìn apá tí ó ní àwọ̀ nínú ẹyinjú ni ó ti ń sun, ihò dúdú àárín ojú ni ó ń gbà bọ́ sí iwájú, igun kan níbi tí awọ dídán iwájú ojú ti pàdé apá tí ó ní àwọ̀ náà ni ó sì ń gbà jáde. Ní igun yìí ni ohun kan wà tí ó dà bí asẹ́ kíkúnná. Bí ojú asẹ́ náà bá ń dí, omi kò ní lè jáde bí ó ti yẹ, yóò sì máa ti inú ojú, títí dé ìdí ojú níbi tí iṣan tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ wà. Ìfúnpá yìí ni ó ń pa iṣan náà díẹ̀díẹ̀. Ará Ọ̀kà kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, nítorí ó mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè bí gọ́tà bá dí nígbà òjò. Òjò lè má pọ̀ ju ti èṣí lọ. Ọ̀nà àbájáde ni ó dí.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni a fi ń wọn ìfúnpá yìí. Láàrin 10 sí 21 ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wà. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ènìyàn sọ ìwọ̀n yìí di òfin tí kò ṣeé yí padà. Àwọn kan wà tí ìfúnpá ojú wọn kò ju 21 lọ tí iṣan ojú wọn sì ń kú. Àwọn mìíràn kọjá 21 fún ọdún púpọ̀ láìsí ìpalára. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń wo ìdí ojú, tí ó sì máa ń fi ẹ̀rọ mìíràn yẹ ìríran ẹ̀gbẹ́ wò, kí ó tó dá ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Láàrin ọdún 2005 sí 2007 ni a ṣe ìwádìí ńlá kan káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lórí ìfọ́jú, a sì yẹ ojú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 13,000 wò, àwọn tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ẹni 5 nínú 100 ni a rí glọkómà lójú wọn. Nínú àwọn tí wọ́n ní in, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ó ti fọ́jú. Láàrin àwọn ẹ̀yà tí a yẹ̀ wò, Yorùbá àti Ìgbò wà lára àwọn tí àrùn náà mú jù. Èyí tí ó burú jù nínú àbájáde ìwádìí náà ni pé àwọn tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní glọkómà kò tó 10 nínú 100. Yàrá àwọn olùkọ́ tí ó ní ogún àgbàlagbà nínú, ìṣirò náà fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan nínú wọn ní in, kí ó má sì mọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà tọ́jú glọkómà: oògùn tí a ń kán sójú, iṣẹ́ abẹ, àti lésà. Èrò kan náà ni gbogbo wọn ní, kí ìfúnpá wá sílẹ̀. Oògùn kíkán wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni, títí ayé ni, owó rẹ̀ kì í sì í tán nílẹ̀. Timolol, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó dínwó jù, kò tọ́ sí ẹni tí ó ní ikọ́ fée. Iṣẹ́ abẹ lágbára, ó sì lè mú ìfúnpá wálẹ̀ ju àwọn méjì yòókù lọ, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá nítorí pé ojú kì í mọ́lẹ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀.

Ní ti lésà, ó yẹ kí á kọ́kọ́ yọ ẹ̀gún kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ògbufọ̀ kan máa ń pè é ní “iná lésà,” àwọn aláìsàn sì máa ń rò pé a fẹ́ sun ojú àwọn ni. Bí èdè bá ti dá ẹ̀rù sílẹ̀ báyìí, ó di dandan kí ẹni tí ó lo èdè náà tún un ṣe. Ìmọ́lẹ̀ ni lésà, ìmọ́lẹ̀ tí a kó jọ sí ojú kan. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ “iná” náà kò ṣàì ní ìdí, nítorí pé lésà àkọ́kọ́ tí Wise àti Witter kọ ìwé nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1979, èyí tí a ń pè ní lésà argon, ooru ni ó fi ń ṣiṣẹ́: ó máa ń jó àwọn ojú kékeré sára asẹ́ náà, ó sì máa ń fi àpá sílẹ̀. Ní ọdún 1995 ni Latina àti Park gbé ọ̀nà tuntun kan jáde, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní SLT. Ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé ni. Ìtànṣán kọ̀ọ̀kan kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ooru kò fi ní àyè láti tàn ká. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ó ní àwọ̀ dúdú nínú asẹ́ náà nìkan ni ó ń kàn, ara sì ń dá sí i láti tún ojú asẹ́ ṣe fúnra rẹ̀.

A máa ń kán oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, a ó gbé awò kan lé ojú, aláìsàn yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ, a ó sì ta nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìtànṣán yí igun ojú náà ká. Kì í pẹ́. Aláìsàn yóò padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìfúnpá lè kọ́kọ́ gòkè fún wákàtí díẹ̀, ojú sì lè máa ta á díẹ̀. Nítorí náà ni a fi máa ń ní kí ó dúró kí a tún un wọ̀n. Àbájáde rẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó yẹ kí á fún un kí a tó sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo glọkómà ni ó wà fún. Èyí tí igun ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ ni ó bá mu. Bí igun náà bá ti pa dé, ọ̀nà lésà mìíràn ni a ń gbà.

Ọdún mélòó, nígbà náà? Lésà argon ni a ti ní ìrírí rẹ̀ pẹ́ jù. Nínú ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993, ojú 77 nínú 100 ni agbára rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú wọn lẹ́yìn ọdún kan. Nígbà tí ó fi di ọdún márùn-ún, 49 ni ó kù. Ní ọdún kẹwàá, 32. Kí òǹkàwé wo àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí dáadáa. Wọn kò sọ pé lésà náà jẹ́ ẹ̀tàn. Wọ́n ń sọ pé agbára rẹ̀ ń rọ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, àti pé ẹni tí a ṣe é fún lónìí lè wà lára àwọn tí yóò pẹ́ fún, ó sì lè wà lára àwọn tí kò ní pẹ́ fún. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ èyí tí òun jẹ́. Nítorí àpá tí argon ń fi sílẹ̀, ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kejì kì í so èso rere.

SLT yàtọ̀ níbi tí a ti lè tún un ṣe. Ìwádìí tí a gbé kalẹ̀ lé e lórí jù lọ ni LiGHT, tí àwọn onímọ̀ ilé-ìwòsàn ojú Moorfields ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe atọ́nà rẹ̀ ní ilé-ìwòsàn mẹ́fà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn 718 aláìsàn tí a kò tíì tọ́jú rí ni wọ́n gbà láàrin ọdún 2012 sí 2014. Wọ́n fi lésà bẹ̀rẹ̀ fún apá kan, wọ́n fi oògùn kíkán bẹ̀rẹ̀ fún apá kejì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 74 nínú 100 àwọn tí a fi lésà bẹ̀rẹ̀ fún ni ìfúnpá ojú wọn wà níbi tí dókítà fẹ́ kí ó wà láìkán oògùn kankan. Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, ó ṣì jẹ́ nǹkan bí ojú 70 nínú 100, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni a sì ṣe lésà fún lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì péré. Láàrin ọdún mẹ́fà yẹn, ojú 32 ni ó nílò iṣẹ́ abẹ ní apá àwọn tí a fi oògùn bẹ̀rẹ̀ fún. Ní apá lésà, 13 ni. Àwọn ojú tí àrùn náà ń tẹ̀ síwájú nínú wọn jẹ́ nǹkan bí 27 nínú 100 ní apá oògùn, ó sì jẹ́ nǹkan bí 20 ní apá lésà. Nítorí irú àbájáde yìí ni ìlànà ìtọ́jú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi yí padà ní ọdún 2022, tí wọ́n ní kí a máa fi SLT ṣáájú fún àwọn tí ó bá yẹ.

Ẹni tí ó bá gbé nọ́ńbà Lọ́ńdọ̀nù wá sí Ìkàrẹ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò ti ṣe àṣìṣe. Àwọn tí LiGHT gbà, ìbẹ̀rẹ̀ àrùn ni púpọ̀ nínú wọn wà, a sì ń pè wọ́n padà déédéé. Ìlú Moshi ní ilẹ̀ Tanzania súnmọ́ ìgbésí ayé wa ju Lọ́ńdọ̀nù lọ. Níbẹ̀ ni a ti fi SLT wé timolol láàrin àwọn 201 aláìsàn, tí àrùn ọ̀pọ̀ nínú wọn ti le, a sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Lẹ́yìn ọdún kan, ìtọ́jú yọrí sí rere nínú ojú 61 nínú 100 fún lésà. Fún timolol, 31 ni. Ìlọ́po méjì! Ṣùgbọ́n kí ayọ̀ má jẹ́ kí a gbàgbé ìyókù: nǹkan bí ojú mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni lésà kò tó fún láàrin ọdún kan ṣoṣo. Láàrin àwọn ọmọ Áfíríkà tí ń gbé erékùṣù St Lucia, ìwádìí tí Realini tẹ̀ jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó ṣe dáadáa fún ní ọdún kan. Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, ìwádìí kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1988 lórí àwọn tí oògùn kò tó fún mọ́ dábàá pé kí a fi lésà ṣáájú iṣẹ́ abẹ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìyẹn pa ẹnu àwọn tí ń sọ pé lésà kò bá ojú ènìyàn dúdú mu mọ́.

Nínú gbogbo èyí, ohun kan ni ó hàn gbangba. Lésà kì í wo glọkómà sàn. Ó ń ra ọdún fún ojú ni, iye ọdún náà kò sì dọ́gba láàrin ènìyàn méjì. Ẹni tí ó bá polówó rẹ̀ bí ohun tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a sì gbàgbé, irọ́ ni ó ń pa, irọ́ náà sì lè fọ́ ènìyàn lójú. Síbẹ̀, fún ẹni tí ń gbé Àkókó, tí owó oògùn oṣooṣù ń ti ọwọ́ ọmọ kan ní Èkó wá, tí ọmọ náà sì ní ìyàwó àti ọmọ tirẹ̀, ìtọ́jú tí a san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí ó sì lè dúró fún ọdún díẹ̀ bọ́ sí i ju ìgò oògùn tí yóò tán ní ọ̀sẹ̀ kẹrin lọ. Oògùn tí ó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò dáàbò bo ojú ẹni tí kò rí owó rà á.

Ìdààmú àkókó, ìpadàlọ ni. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìwòsàn ni ó ní ẹ̀rọ lésà, ẹni tí ó wà ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà sì lè ní láti lọ sí Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn kí ó tó dé ibi tí wọn yóò ti ṣe é. Ìrìn àjò àkọ́kọ́ kì í le, nítorí ẹ̀rù ń ti ènìyàn lẹ́yìn. Èyí tí ó le ni ti ọdún kejì àti ìkẹta, nígbà tí ojú kò dunni, tí ìríran kò yí padà, tí owó ọkọ̀ ti gbówó lórí, tí aládùúgbò sì ń béèrè pé, “Ṣé wọn kò ti ṣe é fún un yín tán ni, Bàbá?” Níbi yìí ni agbára lésà ti ń rọ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Ṣùgbọ́n wíwọn ìfúnpá kò nílò ẹ̀rọ lésà. Níbikíbi tí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà ojú bá wà pẹ̀lú ẹ̀rọ ìwọ̀n nítòsí ilé, ibẹ̀ ni a ti lè ṣe é. Bí ìwọ̀n náà bá gòkè, ọ̀nà jíjìn tún kàn.

Ọ̀rọ̀ kò tán lórí ẹni tí ó ń ṣàìsàn nìkan. Ẹ̀jẹ̀ ni glọkómà ń bá rìn: àwọn ọmọ àti ọmọ ìyá ẹni tí ó ní in súnmọ́ ewu rẹ̀ ju àwọn mìíràn lọ. Olùkọ́ tí bàbá rẹ̀ fọ́jú ní Ọ̀kà “nítorí ogbó,” tí òun náà sì ti lé ní ogójì ọdún, ní ìdí láti lọ yẹ ojú wò kí ó tó di pé ó ń wá chalk tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo káàdì ìwòsàn kan, èyí tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lásán, tí kì í ṣe ti ẹnì kankan. Ìyá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìkàrẹ́ ni ó ni ín. Ní ìlà àkọ́kọ́, ìfúnpá ojú ọ̀tún rẹ̀ jẹ́ 28, ọjọ́ náà ni a sì pinnu lórí lésà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, 19. Lẹ́yìn ọdún kan, 19. Ní ọdún kejì, 20. Ní ọdún kẹta, ìlà náà ṣófo, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń da iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ó lọ, kò sì tún padà. Ní ọdún kẹrin, ọmọbìnrin rẹ̀ mú un lọ: 25. Ojú kò dùn ún, ó sì ṣì ń ka Bíbélì rẹ̀ láìlo gíláàsì tuntun. Dókítà tún yẹ ìríran ẹ̀gbẹ́ wò, ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má tíì yí padà, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ káàdì náà pé kí a tún SLT ṣe, kí ìyá sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.